Ẹ ṣọ́ra fún láptọ́ọ̀pù tuntun tí wọ́n ń fi kernel àtijọ́ tà ní Àkúrẹ́

Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́, ẹ̀yin ọmọ FUTA pàápàá, ẹ má san kọ́bọ̀ lórí láptọ́ọ̀pù tí ẹ kò bá tíì tẹ uname -r sínú rẹ̀, àṣẹ tó ń fi nọ́ńbà kernel hàn (kernel ni ọkàn Linux, òun ló ń darí àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ). Inú ń bí mi gan-an ni.

₦310,000 ni mo kà lé ẹni tó ta tèmi fún mi lọ́wọ́. Core i5 gen 11, RAM 16, SSD 512, Ubuntu 20.04 (irú Linux kan) lórí rẹ̀. Ní ìsọ̀ rẹ̀, Wáì-fáì ń wọlé fòò. Ohun pélébé kan, tí kò ju èékánná lọ, wà lójú ihò USB. Adapter Wáì-fáì ni! Nígbà tó ń di ẹ̀rọ náà sínú báàgì ló yọ ọ́, ojú mi ló ṣe. Mo rò pé ti mouse rẹ̀ ni.

Nílé, kò sí Wáì-fáì. Ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ kò ṣe é dín kù, HDMI kò gbé àwòrán, bí mo bá sì pa á dé, kì í jí mọ́. Mo gbé e padà. "Driver (ètò tó ń mú ẹ̀yà ẹ̀rọ ṣiṣẹ́) ni, ẹ mú ₦15,000 wá." Mo san án. Ọjọ́ kejì: "Wáì-fáì card ti kú, ₦18,000 ni." Mo tún san! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi, iṣẹ́ ń dúró dè mí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí n ti mọ̀, torí mo ti tẹ lspci -nn, àṣẹ tó ń to àwọn ẹ̀yà inú ẹ̀rọ, lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, 8086:2725, nọ́ńbà ìdánimọ̀ card náà, sì wà níwájú mi gbangba.

Kò sí ohun tó kú níbẹ̀! Wáì-fáì card Intel AX210 ni 8086:2725. Kernel 5.10, tó jáde ní December 2020, ló kọ́kọ́ ní driver rẹ̀. Kernel 5.4 ló fi sí ẹ̀rọ mi, ti November 2019. Core i5 gen 11 fúnra rẹ̀, September 2020 ni Intel gbé e síta. Báwo ni kernel ṣe fẹ́ dá ohun tí wọn kò tíì bí mọ̀? Kí ojú ẹ̀rọ má baà ṣókùnkùn, ó kọ nomodeset sínú GRUB, ètò tó ń gbé Linux dìde. Nomodeset kì í jẹ́ kí driver ojú ẹ̀rọ ṣiṣẹ́, òun ló fa ti ìmọ́lẹ̀, ti HDMI àti ti àìjí yẹn. Ẹni tó mọ ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí mọ ohun tó ń ṣe.

Èyí tó dùn mí jù: mo tú ìdí ẹ̀rọ náà. Wáyà ẹ̀ríàlì méjì wà níbẹ̀, dúdú kan, funfun kan, ṣùgbọ́n 7260NGW ni wọ́n kọ sára card tí wọ́n so mọ́. Card ọdún 2013! Kernel 5.4 mọ ìyẹn dáadáa, ni Wáì-fáì bá wọlé. Ó jí AX210 mi, ó sì gba ₦18,000 lé e. Olè ni!

Kí ẹ tó sanwó: ẹ yọ gbogbo ohun tó wà lójú USB, kí ẹ tẹ cat /proc/cmdline. Bí ẹ bá rí nomodeset, ẹ máa lọ. Ẹ tẹ lspci -nnk. Bí kò bá sí "Kernel driver in use" lábẹ́ Network controller, kernel kò mọ card yẹn nìyẹn. Ẹ ya fọ́tò card kí ẹnikẹ́ni tó tú u.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rà á, ẹ fi okùn USB fa dátà láti orí fóònù, ẹ ṣe sudo apt update àti upgrade kí linux-firmware tuntun (àwọn fáìlì tí card fi ń ṣiṣẹ́) wọlé, lẹ́yìn náà sudo apt install --install-recommends linux-generic-hwe-20.04. Kernel 5.15 ló máa gbé wá. Ẹ yọ nomodeset kúrò nínú /etc/default/grub, ẹ tẹ sudo update-grub, ẹ tún ẹ̀rọ tàn. Tàbí kí ẹ kúkú gbé Ubuntu 24.04 sí i. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀, mo sì san ₦33,000!

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti padà lọ. Ó ní òun kò rí AX210 rí láyé òun. Láti Arákàlẹ̀ títí dé Alágbàká, mi ò gba ìkankan nínú wọn gbọ́ mọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé AX210 tí kò ní páálí wá tà fún yín lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bi í níbi tó ti rí i.