Rọ́bọ́ọ̀tì abẹ́ omi tí mo fi ń yẹ àwọ̀n ẹja wò lójú òkun: ibi tó dára sí àti ibi tó ti ń fa wàhálà

Ká má tan ara wa, tó bá jẹ́ torí kẹ́ ẹ lè dá àwọn dáífà yín, ìyẹn àwọn tó ń wọ abẹ́ omi lọ ṣiṣẹ́, dúró lẹ́nu iṣẹ́ lẹ ṣe fẹ́ ra rọ́bọ́ọ̀tì abẹ́ omi, ẹ tọ́jú owó yín sápò jàre. Kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Ibi tá a ti ń sin ẹja nínú kéèjì, ìyẹn àgò ńlá tá a fi àwọ̀n ṣe, lójú òkun ni mo ti ń lo tèmi, ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, mo ti lò ó nígbà tí omi mọ́ lóló, mo sì ti lò ó nígbà tí ìgbì fẹ́ dojú ọkọ̀ dé, mo wá mọ ohun tó lè ṣe dáadáa àti ohun táwọn tó ń tà á kì í fẹnu bà rárá. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é o, torí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, gbogbo irú ẹ̀ ló kàn.

Ó kéré, ẹnì kan lè fọwọ́ méjì gbé e jù sómi. Kámẹ́rà wà níwájú ẹ̀, iná wà lọ́tùn-ún lósì, ó ní àwọn fáànù kéékèèké tó ń tì í síwájú, sẹ́yìn, sókè, sísàlẹ̀, bátìrì ẹ̀ wà nínú ike kan tí omi ò lè wọ̀, wáyà gígùn kan ló wá so ó mọ́ àpótí tó wà lọ́dọ̀ wa nínú ọkọ̀. Táblẹ́ẹ̀tì la fi ń wo ohun tó ń rí, nǹkan tá a fi ń darí ẹ̀ ò sì yàtọ̀ sí ti géèmù. Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lọ́dọ̀ wa ti mọ̀ ọ́n wà kí àwa àgbà tó mọ ibi tí wọ́n ti ń tàn án.

Wáyà yẹn ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè. Wọ́n á ní láyé tí Wi-Fi wà níbi gbogbo yìí, kí lẹ ń fi wáyà ṣe? Ọ̀rọ̀ yẹn ò rí bẹ́ẹ̀ lábẹ́ omi o. Omi iyọ̀ máa ń gbé iná mànàmáná dáadáa, ìdí nìyẹn tó fi ń gbé ìgbì rédíò mì, Wi-Fi ò ní tíì wọlé jìnnà tó fi máa kú, GPS tó ń sọ ibi téèyàn wà náà ò lè débẹ̀ rárá. Ohun tó ń rìn dáadáa nínú omi ni ìró, ó ń sáré tó bíi mítà 1,500 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́rin bó ṣe ń sáré nínú afẹ́fẹ́ lọ, àmọ́ fídíò tó mọ́ rekete ò ṣeé fi ìró gbé wá sókè lójú ẹsẹ̀. Torí náà wáyà ṣì ni.

Wáyà yìí kan náà ló wá ń dà wá láàmú jù. Ìṣàn omi kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ rọ́bọ́ọ̀tì lẹ́nu tó bó ṣe ń yọ wáyà lẹ́nu, bẹ́ ẹ bá ṣe ń tú u síwájú sí i ni omi á máa rí ibi dì mú sí i, tó bá yá ẹ ó rí i pé fáànù ń yí tagbáratagbára ṣùgbọ́n ohun tó wà lójú kámẹ́rà ò kúrò lójú kan, wáyà ló ń fà á sẹ́yìn yẹn. Lẹ́yìn ìyẹn ni wàhálà okùn ìdákọ̀ró. Kéèjì kan kì í dá dúró, okùn àti ṣéènì ló yí i ká lọ́tùn-ún lósì, bí rọ́bọ́ọ̀tì bá gba abẹ́ okùn kan kọjá tó tún gba orí òmíràn padà, ó ti ta kókó nìyẹn, àfi kẹ́ ẹ rántí ọ̀nà tó gbà lọ kẹ́ ẹ sì gba ibẹ̀ gan-an padà, ẹ má fà á o, ẹni tó bá fà á á já a ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó mọ nǹkan jù lọ là ń fi sídìí wáyà, kì í ṣe ẹni tó ń wà á. Ẹni tó wà nídìí wáyà gbọ́dọ̀ máa fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n nígbà tó bá le àti nígbà tó bá dẹ̀, kó máa tú u, kó máa kó o, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Àwọn tó ń polówó nǹkan yìí máa ń fi ẹnì kan ṣoṣo hàn nínú fídíò, tó ń rẹ́rìn-ín, tó jókòó sórí ọkọ̀ tí kò mì rárá. Ẹ máa wò wọ́n.

Ó dáa, kí la wá ń fi ṣe? Àwọ̀n ni. Ẹja tá à ń sìn ti wá pọ̀ láyé ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ, àjọ FAO, ìyẹn àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Agbáyé, tiẹ̀ sọ ọ́ nínú ìròyìn wọn ti 2024 pé lọ́dún 2022, ẹja àtàwọn ẹran omi mìíràn tá a sìn tó tọ́ọ̀nù mílíọ̀nù 94.4, ìdá 51 nínú 100 gbogbo èyí tó jáde láyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ohun tá a sìn máa ju ohun tí wọ́n lọ pa nínú òkun àti odò. Gbogbo ẹja kéèjì tó wà nínú iye yẹn, àwọ̀n ló dì wọ́n mú. Bí ihò kan bá ṣí, ẹja tẹ́ ẹ ti ń bọ́ láti kékeré á bá omi lọ, wọ́n á tún lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn tó wà nínú òkun tẹ́lẹ̀, ìyẹn náà wàhálà ni fún òkun.

Ihò kì í sì í ṣàdédé wà láàárín àwọ̀n. Ibi tí nǹkan ti ń ra nǹkan ni kẹ́ ẹ máa wò, ibi tí okùn tó so òkúta ìsàlẹ̀ ti kan àwọ̀n, ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀, igun ìsàlẹ̀ tí ìgbì ti ń gbọ̀n ọ́n. Ọ̀kan tá a rí lẹ́yìn ìjì kan, lójú táblẹ́ẹ̀tì bí òjìji ló ṣe rí, ìlà dúdú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn, ẹni tó ń wà á ti fẹ́ kọjá lọ, àfi ìgbà tá a rí ẹja méjì tí wọ́n dúró síwájú ibẹ̀ tí wọn ò kúrò. A sún mọ́ ọn, a fi fáànù fẹ́ omi sí i díẹ̀, ìlà yẹn lanu. Ó ti ya gbọọrọ, ibẹ̀ ti ń tú lójú-lójú. Dáífà wọlẹ̀, ó lọ tààrà síbẹ̀, ó rán an, ó jáde. Iṣẹ́ tí rọ́bọ́ọ̀tì ń ṣe fún wa nìyẹn.

Ẹ rí i, dáífà kì í ṣe ẹni téèyàn ń rán wọ omi bó ṣe wù ú. Gbogbo mítà 10 téèyàn bá lọ sísàlẹ̀, agbára tí omi fi ń tẹ̀ ẹ́ á fi ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá lórí ilẹ̀ lé sí i, náítírójìn tó wà nínú afẹ́fẹ́ tó ń mí á máa wọ inú ẹ̀jẹ̀, tó bá sáré gòkè jù á di èéfófó sí i lára, ó lè rọ ọ́ lápá lẹ́sẹ̀, ó lè pa á. Ìdí nìyẹn tí òfin fi wà lórí iye àkókò tó lè lò lábẹ́ omi àti bó ṣe máa sinmi tó kó tó padà. Rọ́bọ́ọ̀tì ò ní ẹ̀jẹ̀, kò sóhun tó kàn án. Àwọ̀n tó jẹ́ pé ìgbà tí dáífà bá ráyè là ń yẹ̀ ẹ́ wò tẹ́lẹ̀, a ti ń wò ó báyìí nígbàkigbà tó bá ti ń ṣe wá bákan bákan. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, abẹ́ omi náà ò yàtọ̀.

Ohun mìíràn tá a tún jẹ lára ẹ̀ ni oúnjẹ ẹja. Tá a bá ń bọ́ wọn, a máa ń dá rọ́bọ́ọ̀tì dúró nísàlẹ̀ kó máa wòkè, bí oúnjẹ bá ti ń já wálẹ̀ kọjá àwọn ẹja láìjẹ́ pé wọ́n yà sí i, wọ́n ti yó, ẹ dáwọ́ dúró. Owó gidi nìyẹn ń gbà là, oúnjẹ tó ṣẹ́ kù kò sì ní máa jẹrà nílẹ̀ òkun. A tún ń fi wo ewéko àtàwọn ẹ̀dá kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ àwọ̀n, torí tí wọ́n bá ti dí ojú ẹ̀, omi tuntun ò ní wọlé dáadáa, ọ́síjìn á dín kù fún ẹja. Mo tiẹ̀ ti fi wo ìdí ọkọ̀ wa náà, kò burú, àmọ́ tí ìdí ọkọ̀ yín bá jẹ́ irin, kọ́ńpáàsì rọ́bọ́ọ̀tì á kàn máa ṣeré kiri ni, ẹ má gbọ́ tiẹ̀.

Ẹ jẹ́ n wá sọ ti kámẹ́rà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹnu gba owó lọ́wọ́ èèyàn. 4K, 4K, 4K, ìyẹn fídíò tó mọ́ kedere gan-an. Tí omi bá rú, 4K yín á fi omi rírú hàn yín ní 4K ni, òun nìyẹn. Ìdọ̀tí kéékèèké tó wà nínú omi máa ń da iná padà sójú kámẹ́rà, bẹ́ ẹ bá ṣe ń tan iná sókè sí i ni gbogbo nǹkan á máa funfun sí i, ohun tó yẹ ni kẹ́ ẹ dín iná kù kẹ́ ẹ sì sún mọ́ nǹkan. Ohun tí màá gba èèyàn níyànjú láti wò kó tó rà ni bóyá iná ẹ̀ jìnnà sí kámẹ́rà, èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kámẹ́rà pẹ́kípẹ́kí, kò dáa. Àwọ̀ pupa náà ló máa ń kọ́kọ́ pòórá nínú omi, kò ní jìn tí gbogbo nǹkan á fi di aró àti àwọ̀ ewé, torí náà ṣéènì tó ti dípẹtà lè dà bí ṣéènì tuntun lójú yín títí tí iná á fi dé ara ẹ̀ nítòsí. Àwọn kan máa ń fi sọ́náà kún un, ìyẹn ń fi ìró ríran, omi rírú ò dí i lọ́wọ́, ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ò kéré, àwòrán ẹ̀ náà sì ń fẹ́ ojú tó ti mọ́ ọn lára.

Mo sọ ọ́ pé GPS ò débẹ̀, ìyẹn já sí pé tẹ́ ẹ bá wà lábẹ́, ẹ ò mọ ibi tẹ́ ẹ wà. Bó ṣe jìn sí ló máa ń sọ dáadáa, torí bí omi ṣe tẹ̀ ẹ́ tó ló fi ń mọ̀ ọ́n, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ purọ́. Ṣùgbọ́n ojú àwọ̀n kan ò yàtọ̀ sí ìkejì, ẹ lè yí kéèjì po kẹ́ ẹ má mọ ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi ìró wá ibi tó wà ń bẹ, wọ́n fẹ́ tà á fún wa, a wo iye ẹ̀, a dákẹ́. Ohun tá a ṣe ni pé a so aṣọ aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ àti nọ́ńbà mọ́ àwọ̀n láti òkè délẹ̀. Ó tán. Báyìí tẹ́nì kan bá sọ pé ihò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun kẹta, dáífà mọ ibi tó ń lọ.

Ìtọ́jú ẹ̀ ò le, ó kàn ń fẹ́ ẹni tí kì í ṣe ọ̀lẹ ni. Ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ tẹ́ ẹ bá lò ó, ẹ yẹ fáànù wò bóyá okùn ìpẹja ti wé mọ́ ọn. Rọ́bà roboto tó ń dí ẹnu ibi tí bátìrì wà, ẹ nù ún, ẹ fi gírísì díẹ̀ sí i, ẹ wò ó lójú iná, irun orí kan ṣoṣo tó bá há sí ibẹ̀ lè jẹ́ kí omi wọlé. Omi òkun wúwo ju omi odò lọ, torí náà tẹ́ ẹ bá ti fi irin tó máa mú un dúró dọ́gba nínú òkun sí i, tẹ́ ẹ wá gbé e lọ sí odò, á máa rì. Ibi tí odò ti ń wọ òkun lẹ́yìn òjò ńlá gan-an máa ń ṣe báyẹn, omi tó fúyẹ́ á wà lókè, èyí tó níyọ̀ á wà nísàlẹ̀, rọ́bọ́ọ̀tì á sáré rì dé ibì kan, á wá dúró bíi pé nǹkan gbé e.

Ibi tí inú ti bí mi ni ọ̀rọ̀ pílọ́ọ̀gì. Ibi tí wáyà ti wọ ara rọ́bọ́ọ̀tì ló kọ́kọ́ bàjẹ́, mo kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní kí n fi fáìlì kan ránṣẹ́, mo fi ránṣẹ́, wọ́n ní kí n fi fídíò ránṣẹ́, mo fi ránṣẹ́, wọ́n tún padà wá ní kí n fi fáìlì àkọ́kọ́ yẹn ránṣẹ́. Ní gbogbo àsìkò yẹn, rọ́bọ́ọ̀tì wà nílẹ̀, à ń wo omi látòkè. Nígbà tí pílọ́ọ̀gì dé, iṣẹ́ tí kò pẹ́ rárá ni láti pààrọ̀ ẹ̀.

Tí ẹ bá ní kéèjì tó ju ọ̀kan lọ, tómi yín sì mọ́ níwọ̀nba, ẹ rà á, ó tó bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ omi tẹ́ ẹ ò lè rí ọwọ́ yín nínú ẹ̀ ni, ẹ ṣe sùúrù títí ẹ máa fi lówó sọ́náà. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ẹ̀yin fúnra yín lè tú pílọ́ọ̀gì wáyà kẹ́ ẹ sì fi òmíràn sí i, kẹ́ ẹ sì ra méjì sílẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń ra rọ́bọ́ọ̀tì. Tí wọ́n bá ní àfi kẹ́ ẹ dá gbogbo ẹ̀ padà sílé iṣẹ́, ẹ wá ẹlòmíràn rà á lọ́wọ́ ẹ̀.