Bọ́ọ̀lù àbí sẹ́ńsọ̀? Kí ẹ tó ra ohun tó ń fúnra rẹ̀ bu omi kún táǹkì ẹja

Bí ọyẹ́ bá ti dé, ẹni tó ní táǹkì ẹja ní pálọ̀ mọ ohun tí mò ń sọ. Omi á máa fà lọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, fílítà ẹ̀yìn táǹkì á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, tó bá yá á máa fa afẹ́fẹ́ dípò omi. Oríṣi mẹ́ta ohun tó ń fúnra rẹ̀ bu omi kún un ni wọ́n ń tà fún wa. Èkíní ni bọ́ọ̀lù alápá kékeré, ọmọ ìyá èyí tó wà nínú táǹkì ṣáláńgá olómi. Kẹ́ẹ̀gì tí ẹ gbé sókè ló ń bu omi fún un. Èkejì ni bọ́ọ̀lù oníwáyà tó ń tan pọ́ǹpù. Ẹ̀kẹta ni sẹ́ńsọ̀ onímọ́lẹ̀, òun náà ń tan pọ́ǹpù. Mo ti lo èkíní àti ẹ̀kẹta nílé mi, ilé ọ̀rẹ́ mi kan ni mo ti mọ èkejì dáadáa.

Ẹwà: sẹ́ńsọ̀ borí, kò tóbi rárá. Ariwo: bọ́ọ̀lù alápá kò ní, pọ́ǹpù ń kùn díẹ̀. Owó: sẹ́ńsọ̀ ló wọ́n jù. Iná: bí NEPA bá mú iná lọ, bọ́ọ̀lù alápá nìkan ló ń bá iṣẹ́ lọ. Kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó gba yín lọ́wọ́ pípààrọ̀ omi, torí omi nìkan ló ń gbẹ, ìgbẹ́ ẹja wà níbẹ̀ digbí.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ẹni tó ń tà á ni èyí: lọ́jọ́ tó bá bàjẹ́, ṣé omi á dúró ni àbí á máa ṣàn?

Ẹni tó ta sẹ́ńsọ̀ fún mi ní kò lè bàjẹ́, pé kò sí ohun kankan tó ń mì nínú rẹ̀. Òótọ́ ni. Bó ṣe ń ríran ni kò sọ. Iná kan tí ojú èèyàn kò lè rí wà lórí rẹ̀. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, iná náà á ta padà sínú, sẹ́ńsọ̀ á tan pọ́ǹpù. Bí omi bá bò ó, iná á gba inú omi lọ, pọ́ǹpù á kú. Ẹ wá gbé táǹkì síbi tí oòrùn àárọ̀ ń gba fèrèsé wọlé. Irú iná yẹn wà nínú oòrùn. Sẹ́ńsọ̀ mi rí iná, ó gbà pé ibẹ̀ gbẹ, bẹ́ẹ̀ inú omi ló wà. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 ló wà nílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni pọ́ǹpù gbé sókè. Kápẹ́ẹ̀tì rin gbingbin, ẹkisténṣọ̀n ẹ̀yìn àga bẹ̀rẹ̀ sí í ta párá. Mo pe ẹni tó tà á. Ó ní ṣebí kí n ti fi nǹkan dúdú bo sẹ́ńsọ̀, bí ẹni pé ó wà nínú ìwé tó bá a wá. Kò sí níbẹ̀ o.

Sẹ́ńsọ̀ tún lè dákẹ́. Bí ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ mọ́ gíláàsì bá bò ó lójú, á rò pé omi ṣì wà. Ẹ máa fi aṣọ rírọ̀ nù ún. Bí ẹ bá fẹ́ rà á dandan, ẹ ra olójú méjì, kí ọ̀kan wà lókè tí á pa pọ́ǹpù bí èkíní bá ṣìnà, kó sì jẹ́ irú tó ń pa ara rẹ̀ bí pọ́ǹpù bá ṣiṣẹ́ jù.

Kí ẹ tó dá sẹ́ńsọ̀ lẹ́bi ṣá, ẹ wo ẹnu rọ́bà tó ń gbé omi láti ara pọ́ǹpù wá sínú táǹkì. Bí ó bá rì sínú omi táǹkì, tí kẹ́ẹ̀gì sì wà nílẹ̀, nígbà tí pọ́ǹpù bá kú, omi táǹkì á máa fà padà sínú kẹ́ẹ̀gì, á sì kún dànù. Ẹnu rọ́bà gbọ́dọ̀ wà lókè omi. Ẹ sì jẹ́ kí wáyà rọ̀ wálẹ̀ kọjá ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì kó tó gòkè padà, kí omi lè kán sílẹ̀.

Bọ́ọ̀lù oníwáyà: òòfà inú rẹ̀ ló ń tan pọ́ǹpù. Ìṣáwùrú ni ọ̀tá rẹ̀. Bí ọ̀kan bá jókòó lé e lórí, kò ní léfòó mọ́, pọ́ǹpù kò sì ní dúró. Ẹ fi páìpù oníhò bò ó.

Bọ́ọ̀lù alápá náà ní wàhálà tirẹ̀. Omi bọ́hóòlù á fi èèpá funfun sí ẹnu rẹ̀, kò ní pa dáadáa mọ́, omi á máa kán tó-tó-tó. Ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹ lè ṣírò ibi tí àṣìṣe rẹ̀ lè dé. Táǹkì mi gùn ní sẹ̀ǹtímítà 80, ó fẹ̀ ní 35, àlàfo òkè omi sì jẹ́ 4. Àlàfo yẹn gba lítà 11. Kẹ́ẹ̀gì lítà 10 ni mo gbé sókè. Bí bọ́ọ̀lù bá kọ̀ láti pa, gbogbo omi kẹ́ẹ̀gì á wọlé, ilẹ̀ kò ní tutù. Bí omi tó ń gbẹ bá jẹ́ ìdajì sẹ̀ǹtímítà lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi lítà kan àtààbọ̀, ọ̀sẹ̀ kan ni ẹ ó tó rọ kẹ́ẹ̀gì. Ẹni tó ń lo pọ́ǹpù náà lè ṣe irú ìṣírò yìí, àmọ́ kẹ́ẹ̀gì ńlá ni wọ́n máa ń tà mọ́ ọn.

Oníkálukú ló mọ ohun tó bá a mu. Ẹni tó ń sin ẹja omi òkun, tó ní inverter tí kì í kú, kó ra sẹ́ńsọ̀ olójú méjì: iyọ̀ kì í bá omi gbẹ, giramu iyọ̀ 35 tó wà nínú lítà omi kan kò sì yẹ kó máa lọ sókè sódò, iyọ̀ a sì tètè dì mọ́ bọ́ọ̀lù alápá. Ẹni tí kò ní àyè gbé kẹ́ẹ̀gì sókè, kó ra oníwáyà. Ẹni tó ń sin ẹja omi odò bíi tèmi, tí wọ́n ń mú iná rẹ̀ lọ bí wọ́n ṣe fẹ́, bọ́ọ̀lù alápá kò ní dá a lóró. Púlọ́ńbà àdúgbò pàápàá ní rọ́bà ẹnu rẹ̀ nínú àpò irinṣẹ́.