Ẹ̀rọ GPS Orí Kẹ̀kẹ́: Kí Ni Ọ̀kọ̀ọ̀kan Ń Ṣe Bí Ẹ Bá Fo Àmì Ojú Ọ̀nà?

Ẹni tó fẹ́ ra ẹ̀rọ GPS tí yóò máa fi tọ ọ̀nà tó ti là sílẹ̀ sábà máa ń wo bí ojú ẹ̀rọ ṣe fẹ̀ tó àti bí bátìrì ṣe ń pẹ́ tó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìbéèrè tí mo fẹ́ kí ẹ fi ṣíwájú nìyí: bí ẹ bá fo àmì kan, ìyẹn ibi kan tí ẹ sàmì sí lórí ọ̀nà tí ẹ là sílẹ̀, ṣé ẹ̀rọ náà á jẹ́ kí ẹ máa lọ, àbí á fi dandan lé e pé kí ẹ padà?

Ẹ wo bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ẹ ń la ọ̀nà lórí kọ̀ǹpútà, ọwọ́ yẹ̀ díẹ̀, àmì kan bọ́ sẹ́nu ọ̀nà tóóró tó yà kúrò lára títì. Lọ́jọ́ tí ẹ gun kẹ̀kẹ́, ẹ kọjá ibẹ̀ tààrà. Ẹ̀rọ ní kí ẹ yí padà. Ẹ tún lọ síwájú díẹ̀, ó ṣì ń sọ ọ́, iye kìlómítà tó kù sì ń pọ̀ sí i dípò kó máa dín. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́ o. Àmì yẹn ló ṣì ń dúró dè yín.

Inú fáìlì lọ̀ràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Fáìlì GPX, irú fáìlì tí a fi ń gbé ọ̀nà sínú ẹ̀rọ, lè gbé ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí track, ìyẹn àmì kéékèèké tó tò pọ̀ títí tó fi di ìlà. Títọ ìlà yẹn nìkan niṣẹ́ ẹ̀rọ. Ó sì lè gbé e gẹ́gẹ́ bí route, ìyẹn àmì díẹ̀ tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á wá ọ̀nà so pọ̀ lórí máàpù inú rẹ̀. Route ni fífo àmì ti máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹ̀rọ yòówù kí ẹ rà, track ni kí ẹ fún un.

Àwọn ẹ̀rọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn

Garmin Edge tó ní máàpù máa ń tọ ìlà. Bí ẹ bá yà kúrò, ó lè wá ọ̀nà tuntun fún yín, ẹ sì lè pa ètò yẹn nínú settings. Ẹ pa á. Ọ̀nà tó bá wá fúnra rẹ̀ lè má jẹ́ irú èyí tí ẹ fẹ́, ó sì lè dá yín padà síbi tí ẹ ti yà gan-an. Bí ẹ bá ti pa á, á kàn sọ pé ẹ ti kúrò lójú ọ̀nà, ìlà á ṣì hàn lórí máàpù, ẹ̀yin á wo ibi tí ẹ máa gbà padà.

Wahoo ELEMNT BOLT àkọ́kọ́, ti ọdún 2017, kì í wá ọ̀nà tuntun rárá: iná á tàn, á dún, ó parí. Ọ̀pọ̀ ka èyí sí àléébù, àmọ́ ní tèmi, fún ẹni tó mọ máàpù kà, ìfọ̀kànbalẹ̀ ni. ROAM tó jáde ní 2019 lè mú yín padà sórí ìlà. Karoo 2 náà ń wá ọ̀nà fúnra rẹ̀, ẹ sì lè pa á. Ẹni tó ń dá gun kẹ̀kẹ́ níbi tí kò mọ̀ á jàǹfààní méjèèjì yìí.

eTrex 20 àti 30, ẹ̀rọ àfọwọ́mú ti Garmin, yàtọ̀. Bátìrì AA méjì ni wọ́n ń lò, Garmin sì ní wọ́n ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 25. Bí ẹ bá ń tọ route láìgba títì, ẹ lè yàn bí ẹ̀rọ á ṣe kúrò lórí àmì kan bọ́ sí òmíràn: kó ṣe é fúnra rẹ̀, kí ẹ̀yin tẹ̀ ẹ́, tàbí kó ṣe é nígbà tí ẹ bá sún mọ́ àmì náà dé ìwọ̀n tí ẹ yàn. Ẹ má fi ìwọ̀n yẹn kéré jù.

Áàpù orí fóònù ò burú fún ìrìn kúkúrú.

Bí fífo àmì bá léwu

Nínú ìrìn kẹ̀kẹ́ ọ̀nà jíjìn bíi Paris–Brest–Paris, tó tó kìlómítà 1,200 láàárín wákàtí 90 ó pọ̀ jù, ibùdó àyẹ̀wò wà tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fò. Ẹ̀rọ tó bá fo àmì láìsọ̀rọ̀ lè ṣe yín ní jàǹbá níbẹ̀. Ẹ lo fáìlì TCX tàbí FIT, irú fáìlì ọ̀nà mìíràn tó ń gbé ìlà bíi track, kí ẹ fi ibùdó kọ̀ọ̀kan ṣe course point, ìyẹn àmì ibi pàtàkì, lórí ìlà, kí ẹ sì wò ó dájú pé ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà ń fi í hàn.

Ọ̀nà tó gba ibì kan náà lọ tó tún gba ibẹ̀ bọ̀ lè da èyíkéyìí nínú wọn rú, torí ó lè ṣe bíi pé ẹ ti ń darí bọ̀. Ẹ gé e sí fáìlì méjì.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ yá ẹ̀rọ náà wò. Ẹ fi ọ̀nà kúkúrú sínú rẹ̀, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ fo kọ́nà kan, kí ẹ padà sórí ìlà níwájú, kí ẹ wá wo bóyá iye kìlómítà tó kù á tún ara rẹ̀ ṣe láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan nǹkan kan.