Àpótí àyálò tí mo fi gbé GTO wọlé, àti ọ̀rọ̀ kílíìpù mẹ́rìnlá

Àárọ̀ Tuesday ni, mo ń mu ẹ̀kọ, àkàrà gbígbóná wà níwájú mi, ni ímeèlì bá wọlé látọ̀dọ̀ àwọn tí mo yá àpótí lọ́wọ́ wọn ní Essex. Wọ́n ní àpótí ti padà dé, kílíìpù mẹ́rìnlá ni ò sí lára ẹ̀, £6 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ti yọ £84 nínú dìpọ́síìtì £350 mi. Ó parí. Kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí ẹ kú ìnáwó, orúkọ àbísọ mi gbalaja ni ọmọbìnrin tó kọ ọ́ fi bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí a jọ lọ sílé ìwé. Mi ò lè jẹ àkàrà yẹn mọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ eléyìí nìyẹn.

Gbogbo àwa tí à ń tẹ̀wé ní Sómólú la mọ GTO, mi ò ní ṣàlàyé ẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tòkunbọ̀ ni, ó lé ní tọ́ọ̀nù kan, Heidelberg ti Jámánì. Èyí tí mo kó wọlé lọ́dún 2019, pákó ni wọ́n kàn yí i ká, pákó ọ̀hún ò tún ní òǹtẹ̀. Ẹ mọ̀ pé pákó tí wọ́n bá fi dì ẹrù lọ sókè òkun, wọ́n gbọ́dọ̀ ti yan án kí àárín ẹ̀ gbóná dé 56°C fún ìṣẹ́jú 30, torí kòkòrò, kí wọ́n tó lu òǹtẹ̀ HT mọ́ ọn. Ti tèmi ò ní, ẹrù bá dúró, dẹ́mọ́rééjì, owó ìdádúró ẹrù ní èbúté, ń gorí ara wọn lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n wá ní ká ṣí i kí kọ́sítọ́ọ̀mù wò ó, àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ fi òòlù àti ọ̀pá irin tú u, ọ̀pá irin yẹn gba inú pákó kọjá, ó wọnú feeder, ibi tó ń fa bébà wọlé, lọ gbuu. Oṣù méjì ni mo fi wá páàtì ẹ̀.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbà nígbà tí àbúrò mi ní Dagenham sọ pé àwọn kan ń fi àpótí yáni. Irin ni ìsàlẹ̀ ẹ̀, ó ní ojú ihò tí fọ́kílífìtì ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, plywood ni ara, kò sí ìṣó kankan, kílíìpù irin ló so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Plywood ò nílò òǹtẹ̀ yẹn rárá torí pé iná àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe é látilẹ̀. Wọ́n fi bóòtù de ẹ̀rọ mọ́ ìsàlẹ̀, wọ́n fi nylon tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà wé e, wọ́n kó àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi sínú ẹ̀. Kọ̀nténà máa ń làágùn lórí òkun, ẹni tí sílíńdà ẹ̀ bá ti dípẹtà kó lọ tà á fún àwọn oníkọ̀ǹdẹ́mù.

Bàbá òyìnbó kan wà ní wíáháòsì wọn, Ọlọ́run á bá mi ṣe é lóore. Ó mú kí àbúrò mi ṣí ẹ̀gbẹ́ kan kó sì tì í padà lẹ́ẹ̀mẹrin, èmi ń wò ó lórí WhatsApp, ó fi máká kọ 1, 2, 3, 4 sára ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó bá tò ó ní Èkó má baà ṣì í tò. Kò kánjú. Bó ṣe rí ojú mi lórí fóònù ó juwọ́ sí mi.

Ẹ wá wo Àpápá. Ọ̀gá kọ́sítọ́ọ̀mù ní ẹ ṣí i, ọmọ kan ti gbé òòlù sókè, mo pariwo "Dúró ńbẹ̀!" bí ẹni pé wọ́n fẹ́ pa mí lọ́mọ. Mo fi sukudiréfà yọ kílíìpù, ta, ta, ta, ẹ̀gbẹ́ kan ti bọ́ sílẹ̀ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé. Wọ́n wo nọ́ńbà ẹ̀rọ, a tì í padà. Ọ̀gá yẹn rẹ́rìn-ín, ó ní "Alàgbà, ẹ̀yin lẹ mọ ẹrù dì." Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó níbẹ̀. Àwọn tó ni àpótí tún ti lẹ sítíkà kan mọ́ ọn tó máa ń di pupa bí ẹrù bá jábọ́ tàbí tó bá forí gbá nǹkan. Láti èbúté Tilbury lọ́hùn-ún dé Àpápá, gbogbo orí òkun, funfun báláú. Láti Àpápá dé Sómólú, ká tó kọjá Ojúẹlẹ́gba gan-an, ó ti pupa bí ata.

Ibi tí ó ti bà jẹ́ ni dídá a padà. Ọjọ́ 90 ni wọ́n fún mi. Àpótí náà ká pọ̀ débi pé kò gbàyè rárá, mo fẹ́ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àjẹ́ńtì tó ń kó èlùbọ́ àti gàrí lọ sí London. Ó ní kí ló wà nínú ẹ̀, mo ní òfìfo ni. Ó wò mí. "Ọ̀gá, ẹ máa sanwó kí òfìfo lọ sí London? Ẹ fi kan kíóòsì fún ìyàwó yín jàre." Káfíńtà àdúgbò wa náà ti fowó lọ̀ mí lẹ́ẹ̀mejì. Ká sòótọ́, tí ẹ bá pa owó yíyá àti owó ìdápadà pọ̀, díẹ̀ ló fi dín sí ti àpótí pákó tuntun, ẹni tó bá ń kó ẹ̀rọ wọlé léraléra nìkan ló máa rí èrè ẹ̀.

Mo wá fèsì ímeèlì yẹn, gígùn ẹ̀ tó ojú ewé méjì, mo ní ọwọ́ wọn ni kílíìpù ti sọnù, mo ní olè ni wọ́n. Ìlà méjì ni ọmọbìnrin yẹn fi dá mi lóhùn, àti fọ́tò, ó fi àmì pupa yí ojú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá ká. Mo múra láti tún fi ìbínú kọ òmíràn.

Ìrọ̀lẹ́ Thursday, mo gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kọjá níbi tí bàbá gáàdì wa kan ilé adìẹ sí. Nǹkan kan ń dán lára ilẹ̀kùn ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Kílíìpù mọ́kànlá!

"Bàbá, níbo lẹ ti rí irin yìí?"

"Ilẹ̀ ni mo ti ṣà wọ́n jọ, lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ dé, mo rò pé ẹ ti dà wọ́n nù ni. Ó mà dáa o, ológbò ò lè ṣí i."

Mi ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Mẹ́ta tó kù, mi ò mọ ibi tí wọ́n wà. Mi ò sì tíì dá ọmọbìnrin yẹn lóhùn.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn, mi ò ní yí i padà, ẹ̀ẹ̀kan péré kí ó ní ẹ káàárọ̀ kò lè pa á. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mìíràn, Kord, ń bọ̀ lóṣù August, àpótí wọn náà ni mo ti yá sílẹ̀ fún un. Mo ti ra àpò onísíìpù kan tí kílíìpù máa wọ̀, ọrùn mi ni mo máa fi kọ́ lọ́jọ́ tí a bá ṣí i.