Mo ti bá èèyàn tó lé ní ogójì gba ìwé ọmọ ìbílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ohun tí ojú mi rí rèé

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo fi ń jẹun. Ṣọ́ọ̀bù mi ò ju yàrá kan lọ: kọ̀ǹpútà mẹ́rin, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé méjì, àti jẹnẹrétọ̀ kékeré kan tí gbogbo àdúgbò mọ ohùn rẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń wá ọ̀nà wọ yunifásítì ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi, ohun tí wọ́n sì máa ń wá lẹ́yìn JAMB ni ìwé ọmọ ìbílẹ̀ tí káńsù ń fún ni. Nítorí náà, wẹ́bùsáìtì tuntun tí káńsù wa gbé jáde fún ìwé yìí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ni mo lò ó. Mi ò ní dárúkọ káńsù náà. Mo ṣì ní láti padà síbẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ìwé yìí láyé àtijọ́, ẹ ò nílò kí n sọ ọ́. Ẹ máa jí lọ sí sẹkitéríàtì, wọ́n á ní kí ẹ lọ gba lẹ́tà lọ́wọ́ baálẹ̀ tàbí káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù yín. Ẹ padà dé, ẹni tó máa buwọ́ lùwé ò sí lórí ìjókòó, ó lọ sí mítìǹnì. Ẹ sanwó fọ́ọ̀mù ní tábìlì kìíní, ẹ san owó fáìlì ní tábìlì kejì. Tábìlì kẹta ò lórúkọ, ẹ ṣáà sanwó. Risíìtì ti tábìlì kìíní nìkan ni wọ́n máa fún yín. Ìyá kan sọ fún mi pé owó ọkọ̀ tóun ná lórí ìwé ọmọ òun ju owó ìwé náà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ní báyìí, orí fóònù lẹ ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó tẹ NIN yín tó ní nọ́ńbà 11, ẹ ó gbé fọ́tò, ìwé ọjọ́ ìbí àti lẹ́tà baálẹ̀ sókè, ẹ ó sì sanwó pẹ̀lú káàdì tàbí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ láti báńkì. Risíìtì á wọlé lójú ẹsẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ á wá dé lọ́jọ́ kẹta tàbí ọjọ́ kẹrin, ẹ ó tẹ ìwé náà jáde fúnra yín, tòun ti àmì QR tí fóònù máa ń kà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ti ṣe é lálẹ́ ọjọ́ Sunday rí. Kò sí tábìlì kẹta. Ọpẹ́ ni mo fẹ́ fi èyí dá, torí àwọn kan ń bú wẹ́bùsáìtì yìí bí ẹni pé àtijọ́ dára ju báyìí lọ. Irọ́ ni.

Ohun kan wà tó ń bí mi nínú níbẹ̀ o. Wẹ́bùsáìtì káńsù ilẹ̀ Yorùbá ni, àmọ́ kò lè kọ orúkọ Yorùbá. Tẹ́ ẹ bá tẹ Ṣ tàbí Ọ tàbí Ẹ, fọ́ọ̀mù náà á gbà á láìjanpata, ṣùgbọ́n bí ìwé bá jáde, àmì ìbéèrè ló máa wà níbi tó yẹ kí lẹ́tà wà. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, mo ti kọ́ láti bọ́ gbogbo àmì lára orúkọ èèyàn kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń ṣe é, torí ìwé tó fẹ́ jẹ́rìí pé ọmọ ìlú ni ẹ́ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an nìyí. Bẹ́ ẹ bá ṣí àkáǹtì tán, ímeèlì kan á wọlé tó máa kí yín káàbọ̀, á sì kọ password yín síbẹ̀ gbangba. Ìyẹn lè túmọ̀ sí pé ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, ẹnikẹ́ni tó bá débẹ̀ lè kà á. Mo kọ́kọ́ fojú fò ó. Ó wá di ọjọ́ kan tí mo fẹ́ padà ṣí fọ́ọ̀mù oníbàárà mi. Nọ́ńbà kan máa ń wà ní ìparí àdírẹ́ẹ̀sì ojú ìwé náà. Ìka mi ṣèèṣì tẹ 8 dípò 7. Fọ́ọ̀mù ẹlòmíràn ló ṣí: fọ́tò ọmọbìnrin kan tí mi ò rí rí, ọjọ́ ìbí rẹ̀, NIN rẹ̀, nọ́ńbà fóònù bàbá rẹ̀, ibi tí wọ́n ń gbé. Àyà mi já. Mo jáde kúrò nínú àkáǹtì pátápátá, mo tún un tẹ̀, ó tún ṣí. Ìyẹn ni pé kò tiẹ̀ bèèrè ẹni tó ń wò ó. Ọmọ yahoo tó bá ní sùúrù lè máa ka nọ́ńbà láti 1 lọ títí ilẹ̀ á fi mọ́, gbogbo ọmọ ìlú á sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní gbogbo ìyẹn lọ́wọ́ lè pe yín kó ní báńkì yín lòún ti ń pè, ẹ ó sì gbà á gbọ́.

Mo kọ̀wé sí ímeèlì tí wọ́n fi síbẹ̀, Gmail lásán ni. Kò sẹ́ni tó fèsì. Mo bá wọkọ̀ lọ fúnra mi. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, kò gbéra ga. Lójú kọ̀ǹpútà tó kọjú sí mi, wọ́n lẹ bébà kan mọ́ ọn, password tí gbogbo ọ́fíìsì ń lò ló wà níbẹ̀. Windows 7 ni wọ́n ṣì ń lò, èyí tí Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe rẹ̀ dúró láti oṣù kìíní 2020. Mo bi í pé níbo ni ẹ̀dà àwọn fáìlì wà bí ẹ̀rọ yẹn bá kú. Ó fi flash kan hàn mí tó so mọ́ kọ́kọ́rọ́ ọkadà rẹ̀.

Mo wá ṣí fọ́ọ̀mù ọmọbìnrin yẹn níwájú rẹ̀. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Kí ni káńsù ní tí olè fẹ́ wá jí? Owó oṣù gan-an, a ò tíì gbà á."

Ìdáhùn yẹn ló ń dùn mí títí dòní, torí ó pọ̀ lọ́kàn àwọn èèyàn wa. Àbúrò mi obìnrin ń gbé ní Hackney ní London, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí débi pé ẹ lè fi èdè wa ná ọjà ní Ridley Road. Káńsù ni Hackney náà. Ní oṣù kẹwàá 2020, àwọn ọ̀daràn wọ kọ̀ǹpútà wọn, wọ́n ti fáìlì 440,000 pa, ó sì kan èèyàn tó tó 280,000. Nígbà tí àjọ tó ń ṣọ́ ìsọfúnni aráàlú níbẹ̀ máa bá wọn wí ní 2024, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n tọ́ka sí ni àkáǹtì kan tí ẹnikẹ́ni ò lò mọ́, tí password rẹ̀ ò sì le. Ní Baltimore ní Amẹ́ríkà, oṣù karùn-ún 2019, bí ajínigbé ni wọ́n ṣe sí ìlú náà: wọ́n ti fáìlì pa, wọ́n ní kí wọ́n wá san bitcoin 13, ìyẹn owó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlú kọ̀ láti sanwó, àtúnṣe sì ná wọn ju mílíọ̀nù 18 dọ́là lọ. Kì í ṣe bí káńsù ṣe lówó tó ni olè ń wò. Ìwé àwa tá a wà nílùú ló ń wá.

Mo rán ọ̀dọ́kùnrin náà létí pé a ní òfin ààbò ìsọfúnni ní Nàìjíríà láti 2023, pé bí irú nǹkan báyìí bá jò tó sì lè ṣe aráàlú ní jàǹbá, wákàtí 72 péré ni wọ́n ní láti fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí. Ó ní òun ò gbọ́ rí. Ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ ti dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 pé kí owó káńsù máa lọ bá káńsù tààrà. Lérò tèmi, ó yẹ kí díẹ̀ nínú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin yìí, torí kò sẹ́ni tó rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ rí. Agbaṣẹ́ṣe ló kọ́ wẹ́bùsáìtì náà, ó gbowó, ó lọ.

Láti sọ òótọ́, ọmọkùnrin náà gbìyànjú. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo tún dán nọ́ńbà yẹn wò, ó ní kí n kọ́kọ́ wọlé. Àmì QR tó máa ń gbé NIN èèyàn jáde fún ẹnikẹ́ni tó bá fi fóònù yà á, orúkọ, fọ́tò àti wọ́ọ̀dù nìkan ló ń fi hàn báyìí. Password ṣì ń wọlé nínú ímeèlì. Bébà ojú kọ̀ǹpútà ti kúrò. Abẹ́ kíbọ́ọ̀dù ló wà.

Èmi náà ò mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé láti ibẹ̀, mo yẹ kọ̀ǹpútà mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò: ìwé ọjọ́ ìbí èèyàn, fọ́tò, NIN, wọ́n kún inú Downloads láti oṣù mẹ́fà sẹ́yìn. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ní báyìí, oníbàárà mi ò ní kúrò lórí ìjókòó kó tó yí password tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i padà.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún wẹ́bùsáìtì náà. Ẹ lò ó, mo ń bá a lọ láti máa lò ó. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ilé ló ti forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọ orúkọ bàbá rẹ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́. Àmì ìbéèrè méjì ló jáde nínú rẹ̀. Kò sí ibi àtúnṣe lórí wẹ́bùsáìtì náà. Wọ́n ní kó lọ búra ní kóòtù, kó sì gbé ìwé ìbúra náà wá sí sẹkitéríàtì fúnra rẹ̀ láàárọ̀ Monday.