Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún oògùn ìfọ-ríìmù tí wọ́n ní kò nílò omi

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń fọ mọ́tò yín fúnra yín nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ríìmù mẹ́ta ló bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá. Owó ara mi ni mo fi ra ohun tó bà á jẹ́, ọwọ́ ara mi ni mo sì fi fọ́n ọn sí i.

Ìbàdàn ni mò ń gbé, ní àdúgbò tí omi ẹ̀rọ kò dé. Kànga la ní, họ́ọ̀sì kò sí. Ẹni tó bá ń fi gárawa fọ mọ́tò mọ̀ pé ara mọ́tò kọ́ ni ìyọnu, ríìmù ni. Èérún irin tó ń ha kúrò lára dísìkì àti páàdì bíréèkì, ooru ló ń sè é mọ́ ríìmù. Ẹ lè da gárawa omi mẹ́rin sí i, kò ní kúrò. Ìdí nìyẹn tí fídíò ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta oògùn ìfọ-ríìmù lórí fóònù fi wọ̀ mí lójú. Ó fọ́n oògùn sí ríìmù kan tó dúdú bí ìdí ìkòkò, kò pẹ́ tí àwọ̀ elésè àlùkò fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wálẹ̀ lára rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀. Ó fi aṣọ nù ún lẹ́ẹ̀kan, ríìmù ń kọ mànà. Omi kankan kò kàn án.

Mo ra ike mẹ́ta ní ₦15,000. "Dádì mi" ló ń pè mí. Mo sọ fún un pé ìdána àbúrò mi obìnrin ni lọ́jọ́ Sátidé ní Ọ̀yọ́, pé mo fẹ́ kí mọ́tò náà dára lójú àwọn àna. Ó tilẹ̀ ṣàdúrà fún wa. Ó ṣàdúrà fún wa!

Ike omi mímu ni wọ́n rọ ọ́ sí. Bí mo ṣe ṣí i, òórùn rẹ̀ gún mi nímú débi pé omi bọ́ lójú mi. Ó kán sílẹ̀, sìmẹ́ńtì ń hó ṣùùṣùù. Ìyàwó mi tó ń já ẹ̀fọ́ níbẹ̀ ní, "Bàbá Tádé, kí ló ń hó bẹ́ẹ̀ yẹn?" Mo ní agbára rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Ẹnu èmi náà ni mo fi sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn.

Ọ̀sán gangan ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Dùgbẹ̀ dé, ríìmù ṣì gbóná. Ọ̀gbẹ́ni náà ti ní kí n fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, nítorí náà mo fọ́n ọn sí mẹ́ta kí n tó padà sí ti àkọ́kọ́. Kò sí àwọ̀ elésè àlùkò kankan. Ìfófòó funfun ló yọ. Nígbà tí mo nù ún, dídán ojú ríìmù bá aṣọ lọ. Ohun tó kù lábẹ́ rẹ̀ rí bí orí ọmọ tí làpálàpá jẹ. Mo sáré wá omi, ààbọ̀ gárawa ló wà nílẹ̀, torí wọ́n ní a kò ní lo omi! Kí n tó fa omìíràn láti inú kànga, ó ti parí. Awọ ìka mi méjì bó.

Mẹkáníìkì mi kàn gbóòórùn ike náà ni, ó ní ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ táìlì ilé ìgbẹ́ ni. Ásíìdì a máa jẹ lákà tó ń mú ojú ríìmù dán, á sì jẹ ríìmù álọ́ì fúnra rẹ̀. Oògùn tòótọ́ tó wà nínú fídíò ló ń yí àwọ̀ padà nígbà tó bá pàdé irin. Ohun ọ̀tọ̀ ni ọ̀daràn náà fi hàn mí, ohun ọ̀tọ̀ ló tà fún mi.

Mo fi àwòrán ránṣẹ́ sí i. Ó ní ríìmù mi kì í ṣe ojúlówó. Nígbà tó yá ó ní mo fi í pẹ́ jù. Ogún ìṣẹ́jú tí òun fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, tí ohùn rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù mi! Lẹ́yìn náà ó búlọ́ọ̀kì mi. Mo gbé mọ́tò náà lọ sí Ọ̀yọ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àna sì bi mí lójú gbogbo ènìyàn pé kí ló ṣe táyà mi. Ẹni tó ń kun ríìmù ní ₦75,000 ni yóò gbà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún mi pé ó yẹ kí n ti mọ̀. Ọdún 19 ni mo ti ń wa mọ́tò. Ta ló ń retí pé ẹni tó ń ṣàdúrà fún un ń rọ ásíìdì sínú ike? Ní tèmi, n kò gba ẹyọ kan nínú àwọn tó ń tajà lórí fóònù gbọ́ mọ́. Gbogbo wọn ló ń pe ènìyàn ní Dádì títí owó yóò fi wọlé.

Ẹni tí kò ní họ́ọ̀sì, gárawa méjì tó o, ọ̀kan fún ọṣẹ ìfọmọ́tò, ọ̀kan fún omi tí ẹ ó fi ṣàn án. Kí ríìmù tutù kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé àtijọ́ fún ihò rẹ̀, ike tí wọ́n fi ń fọ́n oògùn sí oko, tí ẹ kò tíì lò rí, láti fi ṣàn án. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ máa fọ̀ ọ́. Ẹ má fi aṣọ tí ẹ fi nu ríìmù nu ara mọ́tò, yóò ha á. Bí ohun tí ẹ rà bá hó lórí sìmẹ́ńtì, ẹ dá a dúró.

Ike méjì ṣì kù lọ́wọ́ mi. Mo ti gbé wọn sókè níbi tí ọwọ́ ọmọ kò lè dé. N kò lè dà á sí gọ́tà, kànga wa kò jìnnà síbẹ̀. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ nílé, ẹ má da bílíìṣì mọ́ ọn pé ẹ fẹ́ pa agbára rẹ̀, èéfín tó máa jáde lè pa yín.