Kílọ́ọ̀bù ijó sálsà kan ní Alágbàká: ẹ̀kọ́ dáa, rọ́bà ọwọ́ ló kù káàtó

Ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́, tíṣà tó ń kọ́ wa ní sálsà, ijó tí èèyàn méjì máa ń di ọwọ́ ara wọn mú jó, mọṣẹ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Oṣù méjì ni mo fi lọ síbẹ̀, ní Àkúrẹ́ níbí, lápá Alágbàká (mi ò ní dárúkọ wọn torí mo ṣì lọ́rẹ̀ẹ́ níbẹ̀), gbogbo alẹ́ Fráídè, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náírà lẹ́ẹ̀kan, mínírà kan wà nínú ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ wà, táìsì ilẹ̀ ń dán. Ẹ má wọ bàtà tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ rọ́bà o, á lẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ń yí, orúnkún yín ló máa jìyà ẹ̀.

Agogo méje ni kíláàsì. Tíṣà á ka 1, 2, 3, á dákẹ́ níbi 4, á ka 5, 6, 7, á tún dákẹ́ níbi 8, ibi ìdákẹ́ yẹn gan-an ni wàhálà wà torí ẹsẹ̀ wa kì í fẹ́ dúró. Tí orin bá ti lọ díẹ̀ á pariwo "Ẹ pààrọ̀!", kálukú á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, kó tó parí ẹ ti bá gbogbo èèyàn jó, òṣìṣẹ́ báńkì o, ọmọ yunifásítì FUTA o. Bàbá kan wà níbẹ̀ tọ́wọ́ ẹ̀ máa ń tutù bí omi àmù, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti wà lọ́wọ́ bàbá yẹn, ẹsẹ̀ yín á mọ ibi tó ń lọ kí ọpọlọ tó mọ̀.

Mẹ́jọ àbọ̀ ni nǹkan máa ń yí padà, ìgbà tí wọ́n bá ní ká wá ṣe fàájì. Wọ́n fún wa ní rọ́bà ọwọ́, funfun fún àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, búlúù fún àwọn tó ti mọ̀ ọ́n jó díẹ̀, pupa fún àwọn ọ̀gá. Lọ́sẹ̀ kẹta, arákùnrin kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹ̀rín wà lẹ́nu, ó ti nawọ́, ojú ẹ̀ wá já sí ọrùn ọwọ́ mi, àfi bó ṣe fi ọwọ́ tó nà yẹn họ etí, ló bá gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ bá ẹni tó ní pupa lẹ́yìn mi. Mo jókòó, mo mu mínírà mi.

Báwa funfun ṣe ń bá ara wa jó nìyẹn, afọ́jú ń mú afọ́jú lọ́wọ́. Mo bi wọ́n pé báwo lèèyàn ṣe ń di búlúù, wọ́n ní tíṣà gbọ́dọ̀ rí i pé onítọ̀hún ń bá àwọn búlúù jó dáadáa lásìkò fàájì. Àwọn búlúù kì í sì bá funfun jó. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀.

Mi ò ní parọ́, funfun kan ti fa èjìká mi rí bí ẹni ń fa omi kànga, mo gbà pé kò sẹ́ni tó fẹ́ fìyẹn lo gbogbo alẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n orin kan ṣoṣo ńkọ́? Ìṣẹ́jú mẹ́rin! Ọmọ Oǹdó ni mí, ìlú àwọn Sunny Adé, àǹtí mi kan ń jó bí ẹni ń gún iyán, síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń ná lówó jù lóde. Tíṣà fúnra ẹ̀ ló fi igi méjì lu ìró márùn-ún tí orin sálsà dúró lé (clave ni wọ́n ń pè é) fún wa, mẹ́ta ṣáájú, méjì tẹ̀ lé e, tó ní New York ló sọ sálsà di ńlá láàárín 1960 sí 1979 ṣùgbọ́n Kúbà ni gbòǹgbò ẹ̀, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ, tí wọ́n ṣì ń lu bàtá fún Ṣàngó dòní. Bó ṣe sọ ọ́ tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í pín rọ́bà.

Fráídè tó kọjá, mo bọ́ tèmi sínú báàgì. Èèyàn mẹ́rin ló wá mú mi jó, ahọtí náà wà nínú wọn, ó tiẹ̀ ní "Àǹtí, ẹ ti ń jó tipẹ́ o."

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ wọ aṣọ alápá gígùn.